Lílo Àwòrán Alálàyé Láti Kọ́ni: Àpẹẹrẹ Ẹ̀kọ́ Ibà Lassa ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Àwòrán alálàyé ni àwòrán tí a fi ń sọ ohun tí ì bá gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti ṣàlàyé: iye nǹkan, ọ̀nà tí nǹkan ń gbà, ìgbà tí ó ń ṣẹlẹ̀, tàbí bí apá kan ṣe so mọ́ èkejì. Ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní infographic nìyí. Ó yàtọ̀ sí àwòrán lásán. Bí olùkọ́ bá lẹ àwòrán eku mọ́ ara ògiri, ó fi eku han àwọn ọmọ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ya eku náà, tí ó fi ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn títí dé orí láfún tí a sá sí ẹ̀bá ọ̀nà, láti ibẹ̀ dé inú àwo oúnjẹ, tí ó sì kọ iye ọjọ́ tí àìsàn lè fi fara pamọ́ kí ó tó yọjú sí abẹ́ rẹ̀, ó ti ṣe àwòrán alálàyé nìyẹn.

A fi ibà Lassa ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ní agbègbè tí a ń sọ yìí. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, tí Ìfọ́n jẹ́ ibùjókòó rẹ̀, wà lára àwọn ibi tí àrùn yìí ti máa ń yọjú jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìpínlẹ̀ wa fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó máa ń ní i jù lọ ní Nàìjíríà, pẹ̀lú Ẹdó àti Bauchi. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ ní ibùdó tí a ti ń tọ́jú àwọn tí àrùn náà bá mú. Síbẹ̀, kí aláìsàn tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí ẹnìkan ti kọ́ ọ, tàbí kí ó ti kọ́ ìyá rẹ̀, pé ibà tí kò lọ lẹ́yìn oògùn ibà kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìkọ́ni yẹn ni a kọ àpilẹ̀kọ yìí fún: àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní abúlé, àwọn ìyálọ́jà, àti òbí tí ó bá fẹ́ la nǹkan yé ọmọ rẹ̀.

Bí ojú ṣe ń ran etí lọ́wọ́

Onímọ̀ kan nípa ìrònú ẹ̀dá ní Kánádà, Allan Paivio, tẹ ìwé jáde ní 1971 tí ó fi ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì ni ọpọlọ ń gbà tọ́jú ohun tí a bá kọ́, ọ̀nà ọ̀rọ̀ àti ọ̀nà àwòrán. Ohun tí ó bá gba ọ̀nà méjèèjì wọlé máa ń rọrùn láti rántí ju ohun tí ó gba ẹyọ kan lọ. Richard Mayer ní Amẹ́ríkà tẹ̀ síwájú nínú ìwádìí irú èyí. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán gan-an ń kọ́ni ju ọ̀rọ̀ tí a kó jọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé lọ, àti pé ọ̀ṣọ́ tí kò kan ọ̀rọ̀ náà máa ń dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ni. Ẹ̀kọ́ kejì yìí ṣòro fún ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa láti gbà, nítorí a fẹ́ràn kí kádíbọ́ọ̀dù lẹ́wà. Òdòdó tí a yà yí etí rẹ̀ ká kò burú fún ojú, ṣùgbọ́n ọmọ lè rántí òdòdó kí ó sì gbàgbé eku.

Fífi ojú ka ọ̀rọ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Àrokò tí àwọn baba wa ń fi ránṣẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ojú kà: owó ẹyọ tí a so pọ̀, tí a kọ ojú wọn síra, ń sọ ohun kan, tí a bá kọ ẹ̀yìn wọn síra, ohun mìíràn ni. Ṣùgbọ́n àrokò kì í yé ẹni tí kò mọ ohun tí iye àti ipò owó ẹyọ náà dúró fún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni póstà. Àwọn kan rò pé àwòrán kò nílò ògbufọ̀, pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ní ojú yóò kà á. Àṣìṣe ni. Ẹni tí a kò kọ́ ní àmì kò ní mọ àmì, ibi tí àwòrán sì ti máa ń kùnà jù lọ nìyẹn.

Ìwé alálàyé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní àwọn ọdún 1950

A ti dán irú iṣẹ́ yìí wò ní ilẹ̀ wa rí, ó sì bá Ọ̀wọ̀ tan. Ní ìlú Vienna ní orílẹ̀-èdè Austria, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Otto Neurath dá ilé àfihàn kan sílẹ̀ ní 1925, kí àwọn òṣìṣẹ́ tí kò kàwé púpọ̀ lè fi ojú rí bí ìlú wọn ṣe ń lọ: iye ilé tí a kọ́, iye ọmọ tí a bí, iye ènìyàn tí àìsàn pa. Marie Reidemeister, tí ó di ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn náà, ni ó máa ń sọ ìṣirò àwọn onímọ̀ di ohun tí ayàwòrán lè yà. Láti 1935 ni wọ́n ti ń pe ọ̀nà ìyàwòrán yìí ní Isotype. Òfin rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù kò ju gbólóhùn kan lọ: bí nǹkan bá pọ̀ sí i, iye àmì ni a ó fi kún, a kò ní sọ àmì náà di ńlá. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá ya ọmọ kan ní ìlọ́po méjì ní gíga àti ní fífẹ̀, ààyè tí ó gbà lórí ìwé ti di ìlọ́po mẹ́rin, ojú yóò sì rò pé nǹkan náà di ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ àwòrán inú ìwé ìròyìn òde òní ṣì ń ṣẹ̀ sí òfin yìí.

Lẹ́yìn ikú Otto Neurath ní 1945, Marie ń bá iṣẹ́ náà lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìgbà náà, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí ti ń múra sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Olóyè Michael Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà Imade College láti 1947 títí di 1962, ni ó kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ Action Group gùn lé. Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, ọdún 1955. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe ṣàlàyé fún àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé ìdí tí ó fi ní láti san owó orí, kí ọmọ rẹ̀ tí ì bá ràn án lọ́wọ́ lóko sì tún lọ jókòó sí kíláàsì? Ìjọba náà ránṣẹ́ sí Marie Neurath. Ó dé Ìbàdàn ní 1954, ó sì tún padà wá lẹ́yìn náà. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ alálàyé jáde láti inú iṣẹ́ yẹn, lórí ẹ̀kọ́, lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti lórí ìlera.

Ohun tí ó kọ́kọ́ bá pàdé ni ohun tí a ti sọ nípa àrokò. Àwọn àmì tí wọ́n ti ń lò ní Yúróòpù kò bá ibí mu. Ènìyàn tí ó wọ aṣọ òyìnbó kò jọ àgbẹ̀ wa, ilé òyìnbó kò sì jọ ilé tí a ń gbé. Wọ́n ní láti tún àmì yà kí wọ́n lè bá aṣọ, ilé àti ìṣe àwọn ará ibí mu. Ẹni tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà fún nǹkan bí 30 ọdún tún padà jókòó láti kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà dán òfin iye àmì wò. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1954 jẹ́ nǹkan bí 457,000. Ní 1955 ó di nǹkan bí 811,000. Bí àmì ọmọ kan bá dúró fún 100,000 ọmọ, ìlà àkọ́kọ́ yóò ní ọmọ mẹ́rin àti ààbọ̀, ìlà kejì yóò ní mẹ́jọ àti díẹ̀ lé. Ọmọ kíláàsì kẹta lè fi ìka kà á. Ó tún lè béèrè ìbéèrè tí iye lásán kì í jẹ́ kí a béèrè: nínú kíláàsì wo ni wọ́n kó àwọn tuntun yìí sí, àti pé ta ni ó kọ́ wọn?

A kò sọ pé àwọn ìwé wọ̀nyẹn kò ní ojúsàájú. Ìjọba ni ó sanwó wọn, ohun tí ìjọba fẹ́ kí a rí ni ó sì wà nínú wọn. Olùkọ́ tí ó bá ń fi àwòrán ìjọba kọ́ni, títí kan èyí tí ó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí a fi sílẹ̀ láìyà.

Iye mẹ́ta, òótọ́ mẹ́ta

Ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno ni àrùn náà ti gba orúkọ, níbi tí a ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969. Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fà á, eku kékeré kan tí ó ní ọmú púpọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys natalensis, ni ó sì ń gbé kòkòrò náà kiri. Ó ń ran ènìyàn láti inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tí ó kan oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé. Ó tún ń ran láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àti omi ara aláìsàn.

Bí a bá fẹ́ fi àwòrán kọ́ni bí àrùn yìí ṣe le tó, iye wo ni a ó lò? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé, nínú gbogbo ẹni tí kòkòrò náà wọ ara rẹ̀, nǹkan bí 1 nínú 100 ni ó ń kú, nǹkan bí 80 nínú 100 ni kì í sì ní àmì kankan tàbí tí àìsàn wọn kì í le. Àjọ kan náà sọ pé, nínú àwọn tí àìsàn náà le lára wọn débi pé a dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn, nǹkan bí 15 nínú 100 ni ó ń kú. Ní Nàìjíríà ní 2018, ènìyàn 633 ni àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní ibà Lassa. 171 nínú wọn kú, èyí tí ó jẹ́ 27 nínú 100. Ọ̀kan, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n: kò sí irọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tí a kà ni ó yàtọ̀.

Olùkọ́ tí ó bá ya orí ènìyàn 100, tí ó kun 27 ní dúdú, tí ó sì kọ sí òkè rẹ̀ pé "Àwọn tí ibà Lassa ń pa", ti dẹ́rù ba ìlú ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀rù irú èyí máa ń mú kí ìdílé fi aláìsàn pamọ́ kí ará àdúgbò má baà sá fún wọn. Ẹni tí ó bá kun orí kan ṣoṣo náà ti ṣe àṣìṣe, nítorí ìyá tí ó rí i lè sọ pé kò tó nǹkan, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sùn sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí àwa fara mọ́ ni kí a ya àpótí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orí 100, kí a sì kọ ẹni tí àwọn orí náà jẹ́ sókè gàdàgbà: gbogbo ẹni tí kòkòrò wọ ara rẹ̀, àwọn tí a dá dúró sí ilé ìwòsàn, àwọn tí àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2018. Lẹ́yìn náà kí olùkọ́ béèrè pé: ta ni a kà, ta ni a kò kà? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí lórí ibà Lassa yóò lè dáhùn rẹ̀ lórí ìbò, lórí owó ìjọba àti lórí èsì ìdánwò.

Ohun kan wà tí póstà kì í sábà fi hàn. Nínú àwọn tí ara wọn yá, nǹkan bí 1 nínú 4 ni etí rẹ̀ máa ń di. Nǹkan bí ìdajì wọn ni ó ń gbọ́ràn díẹ̀ padà lẹ́yìn oṣù kan sí mẹ́ta. Olùkọ́ tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, tí ọmọ náà kì í dáhùn mọ́ nígbà tí a bá pè é, yẹ kí ó mọ èyí kí ó tó pè é ní alágídí. Etí mẹ́rin tí a kun ọ̀kan nínú wọn tó láti sọ ọ́.

Eku, àwọ̀ àti orúkọ

Ọ̀pọ̀ póstà máa ń ya eku ní ńlá kí ó lè hàn láti ọ̀nà jíjìn. Ní agbègbè àgbẹ̀ àti ọdẹ bí Ìfọ́n, Òkèlúsè tàbí Ìpelè, eku ńlá ní orúkọ tirẹ̀: òkété ni. Ẹni tí ó wo póstà náà lè sọ pé òkété ni wọ́n ní kí òun má jẹ, kí ó sì fi eku kékeré tí ó ń sáré lórí àjà ilé rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá ya eku sí ẹ̀gbẹ́ ìṣáná tàbí agolo tí a fi ń wọn gàrí, títóbi rẹ̀ yóò hàn láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fúnra wọn kò fẹ́ kí a máa fi ọwọ́ lásán di eku èyíkéyìí mú, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yẹn yẹ kí ó ní àwòrán tirẹ̀.

Ọfà tí a fi ń tọ́ka náà ní ìṣòro. Fún ọmọ ilé ìwé, ọfà túmọ̀ sí "lọ sí ibí". Fún àgbàlagbà tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ọfà ni ohun tí a ń ta. Ipa ẹsẹ̀ eku dára jù ú lọ, nítorí kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ bí a ṣe ń tọpa ẹran. Bákan náà ni àmì èèkà tí olùkọ́ ń fi sí ìdáhùn tí kò tọ̀nà: ẹni tí ó ti jókòó nínú kíláàsì mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò jókòó níbẹ̀ lè rò pé igi méjì tí a dábùú ara wọn ni. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ya ohun tí ó yẹ kí ó ṣe dípò ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe: ike gàrí tí ó ní ìdérí, tí a sì dé.

Ti àwọ̀ gba àkíyèsí púpọ̀. Nínú èdè wa, pupa gbòòrò. Epo pupa, ẹni pupa, ọsàn tí ó pọ́n: pupa ni a ń pe gbogbo wọn. Àwòrán tí ó bá pín ewu sí mẹ́ta bí iná ojú pópó, tí ó sì lo àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún ewu ńlá àti àwọ̀ ẹyin ọsàn fún ewu díẹ̀, lè di ohun kan náà lẹ́nu ẹni tí ń ṣàlàyé rẹ̀. "Ẹ wo ibi tí ó pupa," a wí. Èwo nínú méjèèjì? Dúdú, funfun àti pupa kan ṣoṣo kì í ṣini lọ́nà, wọ́n sì dín owó ìtẹ̀wé kù. Bí ewu bá ní ìpele, ẹ jẹ́ kí iye àmì sọ ọ́.

Orúkọ àìsàn náà fúnra rẹ̀ ń dá ìṣòro sílẹ̀. Ibà ni a ń pe èyí tí ẹ̀fọn ń fà, ibà ni èyí tí ń sọ ojú di pupa rẹ́súrẹ́sú, ibà náà ni a tún pe ti Lassa. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí àwọn yòókù: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, àárẹ̀, èébì. Àwòrán tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde ní imú àti ẹnu ń kọ́ ènìyàn láti dúró de àmì tí ó pẹ́ jù. Ohun tí ó yẹ kí a yà ni ẹni tí ó lo oògùn ibà fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, tí ó sì ń lọ sí ilé ìwòsàn.

Nípa ọ̀rọ̀ tí a ó kọ sí ara àwòrán, kí ó kéré, kí ó sì jẹ́ Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, Yorùbá ìwé kọ́ ni Yorùbá ilé. Ẹ̀ka èdè Ọ̀wọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀, ní Ìdóànì sì ni a ti ń rí àwọn tí ń sọ Ìyàyu, èdè tí ó bá ti àwọn Ẹdó tan. Nítorí náà, ohun tí a kọ lè jẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò, kí olùkọ́ sì fi èdè ìlú ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́nu. Àǹfààní àwòrán lórí ìwé nìyí: kò ní èdè tirẹ̀ tí yóò máa bá ti olùkọ́ jà.

Okùn oníkókó àti òṣùwọ̀n oṣù

Kì í ṣe gbogbo àwòrán alálàyé ni ó nílò ìwé. Láti ọjọ́ tí kòkòrò Lassa bá wọ ara ènìyàn, ó lè tó ọjọ́ 2 sí 21 kí àìsàn tó yọjú, ìdí sì nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń ṣọ́ ẹni tí ó súnmọ́ aláìsàn fún ọjọ́ 21. Olùkọ́ lè ta kókó 21 sí okùn gígùn kan, kí ó nà án láti igun kíláàsì kan dé èkejì, kí ọmọ kan sì máa rìn láti kókó dé kókó. Oògùn tí a ń lò, ribavirin, ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ tí àìsàn yọjú. Okùn kejì, tí ó ní kókó mẹ́fà péré, yóò fi hàn bí àkókò náà ti kúrú tó. Ẹ má ṣe so okùn méjèèjì pọ̀, nítorí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ kò dọ́gba. Ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan sí ọwọ́ eku tí a yà, kí ẹ sì fi ìbẹ̀rẹ̀ èkejì sí iwájú orí ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná.

Fún ìgbà ọdún, ẹ ya òbìrí kan, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 12. Ibà Lassa kì í dáwọ́ dúró nínú ọdún, ṣùgbọ́n ó máa ń pọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Karùn-ún. Kí àwọn ọmọ kun àwọn oṣù wọ̀nyẹn, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ohun tí àwọn òbí wọn ń ṣe ní oṣù kọ̀ọ̀kan kún un: ìgbà tí a ń sun igbó, ìgbà tí a ń kó àgbàdo sí àká, ìgbà tí a ń sá láfún. Àwọn ọmọ yóò mọ èyí ju olùkọ́ tí ó ti ìlú mìíràn wá lọ, kò sì yẹ kí olùkọ́ tijú láti jẹ́ kí wọ́n kọ́ òun.

Yíyà á àti dídán an wò

Kádíbọ́ọ̀dù, gègé ìkọ̀wé ńlá dúdú àti pupa kan, àti rúlà tó. Kí àwòrán kan dáhùn ìbéèrè kan. Bí ìbéèrè bá di méjì, kí kádíbọ́ọ̀dù náà di méjì. Ó dára kí àwọn ọmọ fúnra wọn yà á, nítorí ẹni tí ó ya ipa ẹsẹ̀ eku láti orí àjà dé inú ike gàrí ti ro ọ̀nà náà tán kí ó tó gbé gègé sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí a sábà máa ń fò ni ìdánwò. Kí ọmọ kan mú àwòrán náà lọ bá ẹnìkan tí kò sí nínú kíláàsì, bí ìyá àgbà tí ń ta ọjà, kí ó fi hàn án láìsọ ohun kankan, kí ó sì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ẹ rí níbí?" Kò gbọdọ̀ béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Àwa Yorùbá kì í fẹ́ kí ojú ti ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún wa; yóò yé ìyá àgbà náà, ìbáà má yé e. Kí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ tí ó sọ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́, kí ó má tún un ṣe. Bí ènìyàn márùn-ún bá wò ó tí mẹ́ta pe eku ní òkété, àwòrán ni kí a tún yà. Àwọn márùn-ún náà kò ṣe àṣìṣe.

Ibi tí a ó gbé e kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣẹlẹ̀. Ògiri ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà kì í ní eku tó ilé ìdáná tàbí ìsọ̀ àwọn tí ń ta gàrí. Ẹ fi ọ̀rá bò ó nítorí òjò. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, nítorí oòrùn sábà máa ń jẹ àwọ̀ pupa kí ó tó jẹ dúdú, póstà tí pupa rẹ̀ ti ṣá sì ti sọ ìkìlọ̀ rẹ̀ nù, bí àwòrán yòókù tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ láti kọ orúkọ ibùdó ìlera tí ó súnmọ́ ibẹ̀ jù lọ, nítorí èyí tí ó wà nítòsí Ẹ̀múrè-Ilé kọ́ ni ó wà nítòsí Ìmọ́rù. Lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ ya tẹlifóònù kan, kí ẹ sì kọ 6232 sí ojú rẹ̀. Nọ́mbà ọ̀fẹ́ tí Àjọ Ìdènà Àrùn Nàìjíríà ń dáhùn ni.